Ẹ Fún Ohun Tuntun Ní Orúkọ Tirẹ̀

Àríyànjiyàn kan wà láàrin àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí ẹni tí kò bá sí nínú iṣẹ́ náà lè fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé ọ̀rọ̀ mélòó ni ó yẹ kí èdè kọ̀ǹpútà kan ní, àti pé bí ohun tuntun bá wọ inú èdè náà, ṣé kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tuntun fún un ni, tàbí kí wọ́n di ẹrù rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan lórí. Ibi tí ìjà náà ti máa ń le jù ni ibi ohun tí wọ́n ń pè ní "class". Èmi kò rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ibi tí mo dúró sí nìyí, kí n má baà fi olùkàwé sínú òkùnkùn: ohun tuntun yẹ kí ó ní orúkọ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ní kí a má fún un lórúkọ kò dín ẹrù kù rárá. Ńṣe ni ó gbé e kúrò lórí ara rẹ̀, tí ó gbé e lé orí ọmọ tí ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ lọ́la.

Nítorí ẹni tí kò kọ ètò kọ̀ǹpútà rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun méjì. Èkíní ni ohun tí mo ń pè ní ọ̀rọ̀ àyàsọ́tọ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èdè kọ̀ǹpútà tí kò ní ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí ó yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, bí "if" àti "return", tí ẹni tí ń kọ ètò kò gbọdọ̀ fi sọ ohun tirẹ̀ lórúkọ. Ó dà bí orúkọ oyè ní ìlú. O lè sọ ọmọ rẹ ní orúkọ tí ó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n o kò ní í jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kí o máa pè é ní Aláàfin. Èdè C, bí wọ́n ṣe fi òǹtẹ̀ lù ú ní 1989, ní 32 irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. COBOL, èdè àwọn báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ìjọba, ní ju 300 lọ.

Èkejì ni class fúnra rẹ̀. Ẹ ronú nípa àpótí irin tí àwọn tí ń gé búlọ́ọ̀kù ń lò. Àpótí náà kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n òun ni ó ń sọ bí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan yóò ṣe gùn tó àti bí yóò ṣe ga tó. Class ni àpótí irin yẹn nínú ètò kọ̀ǹpútà. Bí báǹkì kan bá ń kọ ètò, wọn a ṣe class kan fún àkáǹtì. Class náà yóò sọ pé àkáǹtì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ olówó àti iye owó tí ó wà níbẹ̀, yóò sì sọ bí a ṣe ń fi owó sí i àti bí a ṣe ń gba owó níbẹ̀. Àwọn ará Norway méjì, Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard, ni wọ́n mú èrò yìí wá nínú èdè Simula ní àwọn ọdún 1960. Bjarne Stroustrup sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú un wọ inú èdè C ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1979. Èyí ni ó padà di C++.

Kí olùkàwé má ṣe rò pé ìbẹ̀rù àwọn tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun kò nídìí. Ó nídìí. Ní 2004, nígbà tí ìtẹ̀jáde karùn-ún èdè Java jáde, àwọn alákòóso rẹ̀ ya ọ̀rọ̀ "enum" sọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe dára. Ṣùgbọ́n Java ti ní irinṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀ tí ń jẹ́ Enumeration, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń gé e kúrú sí "enum" nínú ètò tiwọn láti ọdún púpọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àwọn ètò wọ̀nyẹn síwájú ìtẹ̀jáde tuntun, ó kọ̀ wọ́n. Ètò tí ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, di àṣìṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú Python ní 2018, nígbà tí "async" di ọ̀rọ̀ àyàsọ́tọ̀ nínú ìtẹ̀jáde 3.7, tí àwọn tí ó ti fi async sọ nǹkan lórúkọ sì ní láti máa wá orúkọ mìíràn kiri. Ẹni tí wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí ní ẹ̀tọ́ láti bínú, n kò sì ní bá a wí.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ohun tí ìbẹ̀rù yìí ti bí. Nígbà kan Stroustrup fẹ́ kí class kan lè sọ nínú C++ pé: iṣẹ́ báyìí wà, ṣùgbọ́n n kò ní sọ bí a ṣe ń ṣe é, àwọn class tí ó bá jogún mi ni yóò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ẹ́ wà nílẹ̀. Wọn ì bá pè é ní "pure" tàbí "abstract", kí ó sì tán síbẹ̀. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1994 lórí bí èdè náà ṣe dàgbà, Stroustrup fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé òun kò rí ọ̀nà tí wọn yóò fi gba ọ̀rọ̀ tuntun lọ́wọ́ òun ní àkókò náà. Ó wá kọ "= 0" sí ìparí ìlà náà. Ó dọ́gba pẹ̀lú òdo! Láti 1989 títí di òní, àwọn tí ń kọ́ C++ ń bi olùkọ́ wọn léèrè pé kí ni òdo ń wá níbẹ̀, olùkọ́ kò sì ní èsì kan ju pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bá a. Wọ́n dá ọ̀rọ̀ kan sí ní ọjọ́ kan, gbogbo ayé sì ti ń san gbèsè rẹ̀ láti ìgbà náà.

Nínú èdè yẹn kan náà, ẹ wo "static". Bí ó bá wà nínú abala ètò kan, ó túmọ̀ sí pé iye tí a fi síbẹ̀ kò ní parẹ́ nígbà tí abala náà bá parí iṣẹ́. Bí ó bá wà lóde, ó túmọ̀ sí pé fáìlì mìíràn kò gbọdọ̀ rí orúkọ náà. Bí ó bá wà nínú class, ó túmọ̀ sí pé àpótí irin ni ó ni ohun náà, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Kí ni ó pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀? Ohun kan ṣoṣo ni: ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ní ìgboyà láti béèrè fún òmíràn.

Ti JavaScript ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní 1999, ìlànà kẹta èdè náà ya "private", "protected" àti "public" sọ́tọ̀ de ọjọ́ iwájú, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn. Ìlànà ti 2009 dẹ òfin náà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá yan ọ̀nà líle tí wọ́n ń pè ní "strict". Nígbà tí class sì wọ inú èdè náà ní 2015, ọ̀nà líle yìí ni ó di dandan fún ohun gbogbo tí a bá kọ sínú rẹ̀. Ó yẹ kí a retí pé ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fún class ní yàrá tí ará ìta kò gbọdọ̀ wọ̀, "private" ni wọn yóò lò. Ọjọ́ náà dé, wọ́n sì fo private kọjá, wọ́n mú àmì "#". Láti 2022 ni ó ti wà nínú ìlànà èdè náà. Ẹni tí ó sọ ọgbà yí ilẹ̀ ká fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ, tí kò jẹ́ kí aládùúgbò gbin ẹ̀gẹ́ kan síbẹ̀, ni òjò rọ̀ tán tí ó lọ dáko síbòmíràn. Ọgbà náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Mo mọ ìdí wọn, kì í sì í ṣe ìdí ọ̀lẹ. JavaScript kì í mọ irú ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà, bí ẹnì kan bá dárúkọ ohun kan nínú class, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rí àmì kan lára orúkọ náà tí yóò fi mọ̀ bóyá ti inú yàrá ni tàbí ti ìta. Ọ̀rọ̀ private tí a kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lókè kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn níbi gbogbo tí orúkọ náà bá ti fara hàn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń lo orúkọ yàtọ̀ sí ibi tí a ti ń kéde rẹ̀. Ibi ìkéde ni ẹni tuntun máa ń kọ́kọ́ kà, kò sì sí ohun tí ó ní kí wọ́n má kọ ọ̀rọ̀ tí ó yé ènìyàn síbẹ̀ pẹ̀lú àmì tí ó yé ẹ̀rọ.

Mo ti rìn jìnnà kí n tó dé ibi tí mo ń lọ, èyíinì ni èdè Perl. Níbẹ̀ ni àríyànjiyàn yìí ti gba ìdájọ́ tí ó dára jù lójú mi, tí wọ́n sì tún kùnà láti mú ìdájọ́ náà dé òpin.

Larry Wall, tí ó dá Perl sílẹ̀ ní 1987, kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti pinnu nígbà kan rí pé àwọn yóò wá èdè kan tí kò ní ìwé, bóyá ní ilẹ̀ Áfíríkà, kí àwọn fún un ní ọ̀nà ìkọ̀wé. Àìlera ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn: ẹni tí ì bá máa bá àwọn àgbàlagbà jókòó lábẹ́ igi, kí ó máa nàka sí nǹkan, kí ó máa béèrè pé kí ni ẹ ń pe èyí, ni ó lọ ṣe èdè fún ẹ̀rọ. Ó sì hàn nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Perl jẹ́ èdè tí ń fẹ́ kí ènìyàn lè sọ ohun kan náà lọ́nà púpọ̀, bí àwa náà ṣe ń ṣe.

Síbẹ̀, nígbà tí ó kan class, ahun ni ó fi ọ̀rọ̀ ṣe. Nínú ìtẹ̀jáde karùn-ún tí ó jáde ní October 1994, ó mú "package", tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ fún pípín orúkọ sí yàrá yàrá. Ó mú "sub", tí ó ti wà fún abala ètò èyíkéyìí. Ó wá fi ọ̀rọ̀ tuntun kan kún un: "bless". Súre fún un! A ó kó dúkìá jọ sínú àpò kan, a ó súre fún àpò náà ní orúkọ ilé kan, àpò náà yóò sì di ọmọ ilé yẹn. Ó dùn mọ́ etí àwa tí a ń fi oyin àti ataare súre fún ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, n kò sì lè sọ pé n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó gbé ètò ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti kà. Ó rí package: kò mọ̀ bóyá class ni tàbí yàrá lásán. Ó rí sub: kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti class ni tàbí abala tí ó dá dúró. Ó gbọ́dọ̀ wá bless kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tí ó jábọ́ sínú iyanrìn, kí ó tó lè sọ pé, áà, class ni èyí. Ẹni tí ó kọ ètò mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú èdè náà tí ó lè fi sọ fún wa.

Àpò tí a súre fún náà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo rí ohun tí èyí lè fà ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí n kò ní í dárúkọ. Ẹni tí ó kọ ètò fún wọn ń pe owó tí ọmọ ẹgbẹ́ dá jọ ní "iye_owo" nínú àpò náà. Níbì kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí ó rẹ̀ ẹ́ bóyá, ó kọ "iyeowo". Perl kò wí nǹkan kan. Lójú rẹ̀, orúkọ tuntun ni wọ́n fẹ́ fi sínú àpò, ó sì ṣí àyè sílẹ̀ fún un. Kò tilẹ̀ kìlọ̀, nítorí pé kíkó owó kún ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ bófin mu nínú Perl. Ńṣe ni ó kà á sí pé òdo ni a ń kó owó kún. Fún oṣù méjì, gbogbo ẹni tí ó bá san owó rẹ̀ ní ọ̀nà kan pàtó ni owó rẹ̀ ń lọ sábẹ́ orúkọ tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Àwọn ìyá olójà dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, akápò sì ń wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ń sọ fún wọn pé wọn kò san kọ́bọ̀. Ẹ̀bi àwọn ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Àwọn tí ń sọ pé ọ̀rọ̀ tuntun kò wúlò nínú class, ìbá dára kí wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní July 2023, Perl 5.38 jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo ń jà fún: "class", "field" àti "method". Curtis Poe ni ó ṣíwájú àwọn tí ó wéwèé rẹ̀ lábẹ́ orúkọ Corinna, Paul Evans sì ni ó kọ ọ́ sínú èdè náà. Class ń sọ pé àpótí irin nìyí. Field ń sọ pé ohun tí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ní nìyí. Method ń sọ pé iṣẹ́ tí búlọ́ọ̀kù lè ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ kí olùkàwé kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ohun tí a bá fi field kéde ní ààlà: inú class náà nìkan ni a ti lè dárúkọ rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣi orúkọ náà kọ lábẹ́ òfin "strict" tí gbogbo ọmọlúwàbí oní-Perl ń lò, ètò náà kò ní bẹ̀rẹ̀ rárá. Àṣìṣe alájẹṣẹ́kù yẹn ì bá ti kú sí orí tábìlì ẹni tí ó ṣe é, kí ó tó di ohun tí à ń bá ìyá olójà jà sí. Bákan náà, bí ẹnì kan bá pe method láìsí búlọ́ọ̀kù tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, Perl yóò kọ̀ fún un. Sub kò lè kọ̀, nítorí pé sub kò mọ ohun tí òun jẹ́. Àwọn baba wa ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. A kò lè kó ìjánu sí ẹnu ohun tí a kò sọ lórúkọ.

Àwọn tí ó takò ó sọ pé a ti ní i tẹ́lẹ̀. Wọ́n nàka sí Moose, tí ó dé ní 2006, tí kò gba ọ̀rọ̀ àyàsọ́tọ̀ kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí ó sì fún àwọn oní-Perl ní class tí ó dára. Mo bọ̀wọ̀ fún Moose. Ṣùgbọ́n kí ni ó tẹ̀lé e? Mouse tẹ̀lé e, Moo tẹ̀lé e, àwọn mìíràn tún wà, gbogbo wọn jọ ara wọn, kò sì sí èyí tí ó bá èkejì dọ́gba pátápátá. Ẹni tí ó bá kúrò ní ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn lè bá ẹ̀ka-èdè mìíràn pàdé. Ìyàn kì í mú kí ènìyàn dá oúnjẹ mélòó kan sílẹ̀ bí ebi kò bá pa á gan-an. Èyí tí ó tún burú ni pé, nítorí pé Moose kò lè ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú èdè náà, ó gbé ohun gbogbo lé "has" lórí. Has ni ó ń kéde ohun tí búlọ́ọ̀kù ní, has ni ó ń ṣe ọ̀nà tí ará ìta yóò fi kà á, has ni ó ń sọ bóyá a lè fi iye rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Nínú irinṣẹ́ Object::Pad, tí Paul Evans kọ́kọ́ fi dán èrò rẹ̀ wò, has ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀; ó fi í sílẹ̀ bọ́ sí field. Ìdájọ́ rere ni.

Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ tuntun yóò gba orúkọ lọ́wọ́ àwọn ará àtijọ́, bí enum ti ṣe. Rárá o. Ibi tí Perl gbọ́n ju Java ti 2004 lọ nìyí. Láti ìtẹ̀jáde 5.10 ní 2007 ni Perl ti ní òfin kan: ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun ni yóò béèrè fún un lókè fáìlì rẹ̀, pẹ̀lú "use feature". Ọ̀rọ̀ "say" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Fáìlì tí kò bá béèrè fún class kò ní í mọ̀ láé pé class wà. Ètò tí ẹnì kan kọ ní 1999, tí ó ní abala kan tí ń jẹ́ method, yóò máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ láìsí ìyọlẹ́nu. Àmì dọ́là tí Perl ń fi sí iwájú orúkọ tún wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà pípẹ́: ẹni tí ó bá ti ń pe ohun kan ní $class kò ní ìjà kankan pẹ̀lú class. Àní Java pàápàá ti kọ́gbọ́n. Nígbà tí ó fẹ́ "record" àti "sealed" ní 2021, ó kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ àyàsọ́tọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nìkan, ó sì fi àwọn tí ó ti ń pe ohun wọn ní record sílẹ̀ ní àlàáfíà, bí kò bá ti jẹ́ pé class fúnra rẹ̀ ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan tún wà ní òdìkejì tí n kò ní gbè sẹ́yìn wọn. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ ọ̀rọ̀ fún ohun gbogbo: ọ̀rọ̀ kan fún ohun tí a lè kà, òmíràn fún ohun tí a lè kọ, òmíràn fún ohun tí ó di dandan. Níbí ni mo rò pé èdè tiwa lè kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ọkọ̀ ni àwọn baba ńlá wa ń pe ohun tí ó ń gbé wọn lórí odò. Nígbà tí reluwé dé, a pè é ní ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí èyí tí ń fò dé, a pè é ní ọkọ̀ òfuurufú, èyí tí ó sì wà lórí omi tẹ́lẹ̀ di ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró jẹ́ ọ̀kan. Ìyókù jẹ́ ẹ̀yán tí ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó rú lójú, nítorí pé gbogbo wọn ni ó ń gbé ènìyàn láti ibì kan dé ibì kan. Ohun tí ó bá yàtọ̀ pátápátá ni à ń wá orúkọ tí ó dá dúró fún, yálà kí a ṣẹ̀dá rẹ̀ tàbí kí a yá a, bí a ti yá fóònù.

Bí Perl ṣe ṣe é gan-an nìyí. Field dá dúró. Ẹ̀yán ni ó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, pẹ̀lú àmì kólọ́ọ̀nù níwájú: ":param" fún èyí tí a lè fi iye rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ":reader" fún èyí tí ará ìta lè kà, tí ó dé ní 2024 nínú 5.40, àti ":writer" fún èyí tí ará ìta lè yí padà, tí ó dé nínú 5.42 ní July 2025. Àwọn orúkọ wọ̀nyí kò gba ààyè kankan lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ ètò, nítorí pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ mìíràn nìkan ni wọ́n ti ń gbé. Has tí ó ń dá iṣẹ́ gbogbo ṣe ti di field kan pẹ̀lú àwọn ẹ̀yán tí olúkúlùkù wọn ní iṣẹ́ kan.

Ìtẹ̀jáde 5.42 yẹn tún ṣe ohun kan tí ó dùn mọ́ mi. Wọ́n fẹ́ method tí ará ìta kò gbọdọ̀ pè. Wọn kò wá private, wọn kò sì wá àmì àjèjì fún ìkéde rẹ̀. Wọ́n kọ "my method". Láti ọjọ́ pípẹ́ ni my ti túmọ̀ sí "ti ibí yìí nìkan" nínú Perl. Ìtumọ̀ náà kò yẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú method. Ẹ fi èyí wé static, kí ẹ rí i pé n kò kórìíra ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí a fi iṣẹ́ tí ó mọ̀ rán, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Èyí tí a fi èdè mẹ́ta rán níṣẹ́ mẹ́ta ni mo ń bá jà.

Kí wá ni ẹjọ́ mi pẹ̀lú wọn? Àìgboyà ni. Láti 2023 ni wọ́n ti lẹ àmì mọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí pé ohun ìdánwò ni wọ́n, tí ó lè yí padà nígbàkigbà. Àmì náà wà níbẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí 5.42 jáde, lẹ́yìn ọdún méjì gbáko. "Role", tí wọ́n ti wéwèé pẹ̀lú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kò tíì dé nínú ìtẹ̀jáde náà. Mo mọ̀ pé ẹni tí ń kọ́lé kò gbọdọ̀ kánjú wọ inú rẹ̀ kí òrùlé tó gbó òjò. Ṣùgbọ́n kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe tí yóò kọ ètò owó rẹ̀ lé orí ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ó ni ín ń sọ lójoojúmọ́ pé ó lè yí padà. Ohun tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń padà sí bless, sí àpò tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, sí iye_owo àti iyeowo. Ọmọ tí ó bá sì fẹ́ kọ́ class ní ọ̀nà tuntun lónìí gbọ́dọ̀ kọ ìlà kan lókè tí ó fi béèrè fún ọ̀rọ̀ náà, kí ó sì kọ èkejì tí ó fi ń bẹ Perl pé kí ó dákun, kí ó yé kìlọ̀ fún òun nípa ohun tí Perl fúnra rẹ̀ fún òun.